Mílíìkì ni wọ́n ń rà, àbí orúkọ?

Ìwà kan ti wọ ọ̀pọ̀ oníbàárà lẹ́wù, láti ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ títí dé àwọn ṣọ́ọ̀bù tó yí Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá ká ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí agolo mílíìkì kò bá ti jẹ́ Peak, ojú àánú ni wọ́n fi ń wo ẹni tó gbé e ka iwájú àlejò. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin tí owó ọjà kò tó ná yóò tún wá owó kún un, kí aládùúgbò má baà pè é ní òtòṣì. Ìnáwó àṣehàn gbáà ni.

Ta ló tilẹ̀ ni àwọn mílíìkì náà? FrieslandCampina WAMCO, tó wà ní Ògbà ní ìlú Èkó, ló ń ṣe Peak, tó ti wà lórí igbá ní Nàìjíríà láti 1954. Òun náà ló ń ṣe Three Crowns. Ní 2020, ó ra ẹ̀ka mílíìkì PZ Cussons, Nunu, Olympic àti Coast sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹni tó ń fi Nunu ṣẹ̀fẹ̀, tó ń fi Peak yangàn, àpò kan náà ló ń kówó sí. Ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ń ra wàrà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní darandaran ní agbègbè Fáṣọlá, nítòsí Ọ̀yọ́. Síbẹ̀, àwọn tó ń fi agolo ṣe fáàrí kì í bojú wo wàrà tí obìnrin Fúlàní fi oje bòmubòmu dì, tó ń kiri rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn.

Èyí kò ní kí ohun tó wà nínú gbogbo agolo jẹ́ ọ̀kan náà o. Òmíràn ní ọ̀rá màlúù nínú ní kíkún. Òmíràn, wọ́n ti yọ ọ̀rá màlúù kúrò, wọ́n sì fi òróró ewéko dípò rẹ̀. Kò sí májèlé níbẹ̀, ó sì tẹ́ni tó fẹ́ fi po tíì lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ìwé tín-ín-tìn-ìn-tín ara agolo ló ń sọ ọ́, orúkọ ńlá iwájú rẹ̀ kọ́. Mélòó nínú àwọn tó ń sanwó orúkọ ló ti yí agolo náà padà kà á rí?

Ti wáìnì òde ìnáwó tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá fi aṣọ bo igò méjèèjì, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pariwo orúkọ òyìnbó kò ní fi ẹnu dá olówó ńlá mọ̀.

Èyí tó yẹ kó bani lẹ́rù ni mílíìkì lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ń bù láti inú àpò ńlá sínú ọ̀rá, láìsí ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, láìsí nọ́ńbà NAFDAC. Ẹni tó kọ Nunu nítorí àlejò a máa yọ́ ra èyí fún àwọn ọmọ rẹ̀, nítorí kò sí aládùúgbò tó ń wò ó. Kí àwọn onílé-ìtajà kọ ọ́ ní Yorùbá gàdàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye owó: ọ̀rá màlúù, tàbí òróró ewéko. Mílíìkì inú ọ̀rá aláìlórúkọ yìí sì ni kí NAFDAC kọ́kọ́ kó kúrò lórí igbá.