Ọkọ̀ Tí Apá Ká, àti Owó Orí Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá ní ìgbà yìí kò tó ọ̀ràn ilẹ̀ tàbí ọ̀ràn oyè ní títóbi. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni. Síbẹ̀ a kò rò pé ilé kan wà nínú àwọn ilé tí ìwé yìí ń wọ̀ tí ọ̀ràn náà kò tíì kàn láti ọdún 2023 wá.

Ní ìlú wa, baba kan jẹ oyè ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní òkè òkun dá owó jọ, wọ́n sì ra jíìpù ńlá kan fún un, èyí tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ lé ní lítà 5. Inú gbogbo wa dùn. Àwa gan-an ni a gbàdúrà sí ọkọ̀ náà níwájú ààfin. Nígbà tí a lọ kí baba ní ọdún tí ó kọjá, a bá ọkọ̀ náà lábẹ́ tapólì, adìẹ ti yé ẹyin sí ìdí táyà rẹ̀, baba sì ń múra láti gun ọ̀kadà lọ sí ìpàdé àwọn ìjòyè. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin Àlùfáà, ẹran ọ̀sìn tí mo so mọ́lẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá bọ́ ọ yó, ilé kò ní jẹun." Àwa kò lè bá a rẹ́rìn-ín.

Ní ayé àwọn baba wa, ẹṣin ni ọlọ́lá ń gùn, ẹni tí ó bá sì ra ẹṣin mọ̀ pé òun ti ra iṣẹ́ koríko pípa mọ́ ọn. Ẹni tí kò ní ọmọ tàbí ìwọ̀fà tí yóò máa pa koríko kì í so ẹṣin mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kí ni ó dé tí àwa ọmọ wọn ń ra ẹṣin, tí a kò sì béèrè iye koríko?

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ní ọjọ́ tí ó gba ìjọba, Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Ṣáájú ọjọ́ náà, nǹkan bí náírà 185 ni a ń ra lítà kan ní Èkó. Kí oṣù náà tó parí, ó ti di 488 ní ilé epo NNPC. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti di 998. Láti ìgbà náà ó ń gòkè, ó ń sọ̀, ṣùgbọ́n kò padà sí ibi tí ó ti wá.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀ bí a ti ń ṣe é fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ẹ mú ọkọ̀ méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan rin kìlómítà 1,000 lóṣù. Ọkọ̀ kékeré tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò ju lítà kan ààbọ̀ lọ yóò mu nǹkan bí lítà 7 fún kìlómítà 100, èyí já sí lítà 70 lóṣù. Kí a ka 16 fún jíìpù ńlá, èyí já sí lítà 160, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò bá sì pọ̀ ni. Nígbà tí lítà kan jẹ́ 185, ìyàtọ̀ owó epo àwọn méjèèjì jẹ́ náírà 16,650 lóṣù, ohun tí ẹni tí ó níṣẹ́ lọ́wọ́ lè gbójú fò. Nígbà tí ó di 998, ìyàtọ̀ náà di 89,820 lóṣù, ó sì ju mílíọ̀nù kan náírà lọ lọ́dún. Owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù lọ tí òfin là sílẹ̀ ní ọdún 2024 jẹ́ 70,000. Ìyẹn ni pé ẹni tí ó fi jíìpù rọ́pò ọkọ̀ kékeré ti gba òṣìṣẹ́ kan sí iṣẹ́, ó sì ń sanwó fún un lóṣooṣù láìjẹ́ pé ó ń ṣe iṣẹ́ kankan.

Owó ìwé ọkọ̀ ni a sì ń ráhùn sí. Lóòótọ́, ìnṣọ́ráǹsì tí ó kéré jù, tí a ń san 5,000 fún tẹ́lẹ̀, di 15,000 ní oṣù kìíní ọdún 2023, a kò sì bá ẹni tí ó dùn jà. Ṣùgbọ́n bí a bá kó gbogbo ìwé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti ọdún kan jọ, owó wọn kò tó epo tí jíìpù náà ń mu ní oṣù kan. Owó ìwé ń dun ni nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni ó ń jáde lápò, ọlọ́pàá sì ń béèrè rẹ̀ lójú ọ̀nà. Owó epo ń jẹ ni díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń dá ni dúró láti bi ni nípa rẹ̀. Bí ìyàtọ̀ bá tilẹ̀ wà láàrin ohun tí ọkọ̀ kékeré àti ńlá ń san fún ìwé, kò tó ohun tí yóò mú kí ẹnikẹ́ni ro inú ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ìjọba àpapọ̀ ti dán an wò rí láti fi owó orí kọ́ wa ní ọgbọ́n. Nínú ètò owó orí ti ọdún 2023, wọ́n bu owó kan lé àwọn ọkọ̀ tí a ń kó wọlé: ìdá 2 nínú 100 fún èyí tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ lítà 2 títí dé ìsàlẹ̀ lítà 4, àti ìdá 4 fún èyí tí ó jẹ́ lítà 4 sókè. Èyí tí kò tó lítà 2 kò san nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ náà ni bọ́ọ̀sì akérò, ọkọ̀ tí ń lo iná mànàmáná, àti èyí tí a ṣe ní ilẹ̀ wa. Ní oṣù kẹfà ni ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀; ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, Ààrẹ fi àṣẹ dá a dúró pé kí ara lè tu àwọn oníṣòwò àti aráàlú. A mọ̀ pé ara ń ni àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n ta ni owó orí yìí ì bá ni lára? Kì í ṣe olùkọ́ tí ń wá Corolla tòkunbọ̀, nítorí pé ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò tó lítà 2. Àwa tí a fẹ́ jíìpù ni ara tù.

Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ra ọkọ̀ láì kọ́kọ́ béèrè owó orí rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tí a forúkọ wọn sílẹ̀ níbẹ̀ láti oṣù kẹta ọdún 2001 títí di oṣù kẹta ọdún 2017 ń sanwó gẹ́gẹ́ bí èéfín wọn ti pọ̀ tó: títí di ọdún 2025, èyí tí èéfín rẹ̀ kéré jù kò san kọ́bọ̀, nígbà tí èyí tí ó pọ̀ jù ń san ju pọ́n-ùn 700 lọ ní ọdún 2024. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni a sì ti na òfin èéfín dé gbogbo Lọ́ńdọ̀nù, pọ́n-ùn 12 ààbọ̀ lóòjọ́ fún ọkọ̀ tí kò bá kún ojú òṣùwọ̀n. A kò yin gbogbo ètò wọn o. Ọkọ̀ tí ó jáde lẹ́yìn ọdún 2017, bí ó bá ti lo ọdún kan, iye kan náà ni kékeré àti ńlá ń san, àfi èyí tí ó wọ́n jù. Ohun tí ó dùn wá ni pé ọmọ tí ń ṣọ́ èéfín àti epo fún ara rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ni yóò ra jíìpù lítà 5 ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ nílé.

Kì í ṣe bí ó ti rí tẹ́lẹ̀ nìyí. Ní ọdún 1975 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen jọ ní Èkó àti Peugeot ní Kàdúná. Nígbà tí a wà ní ọmọdé, Ìjàpá ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa ń gùn, òun náà ni dókítà ń gùn, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé wọn kì í ṣe ènìyàn pàtàkì. Bí ó bá kú lójú ọ̀nà, mẹkáníìkì abúlé mọ ohun tí yóò ṣe sí i. Èyí náà jẹ́ ara ohun tí a ń pè ní ọkọ̀ tí apá ká. Ọkọ̀ kékeré tí owó rẹ̀ kéré lọ́jà ṣùgbọ́n tí a kò lè rí irin rẹ̀ ní Ládípọ̀ kì í ṣe ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú.

Àwọn mìíràn yóò ní kí a sọ ọkọ̀ di onígáàsì, gẹ́gẹ́ bí ìjọba ti ń rọ̀ wá láti ọdún 2023. Gáàsì jẹ́ ti ilẹ̀ wa, ó sì rọjú ju bẹntiróòlù lọ. A fọwọ́ sí i fún ọkọ̀ akérò tí ń rìn láàárọ̀-dalẹ́. Ṣùgbọ́n owó ìyípadà rẹ̀ kò kéré, sìlíńdà ń gba ààyè ẹrù, ibi tí a sì ti ń rọ ọ́ kò pọ̀ ní àwọn ìlú kéékèèké. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, sìlíńdà kan bú gbàmù nínú ọkọ̀ ní ìlú Benin; sìlíńdà tí a jó pọ̀ láìgba àṣẹ ni. Ẹni tí yóò bá ṣe é, kí ó má ṣe gbé e fún wẹ́dà ẹ̀bá ọ̀nà.

Nítorí náà, a ń bẹ ìjọba àpapọ̀ kí wọ́n jí owó orí ẹ́ńjìnì ńlá náà dìde, a sì ń bẹ àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ kí owó ìwé ọkọ̀ kékeré kéré gidigidi, kí ti ńlá sì wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí olúwa rẹ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò tó, nítorí pé ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Àwa àlùfáà jẹ̀bi. Ìjọ tí kò rí owó san fún olùkọ́ ọmọdé ń dá owó jíìpù fún wa, a sì ń gbà á pẹ̀lú ọpẹ́. Ní ọdún 2024 ni a ta tiwa, tí a ra èyí tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ lítà kan ààbọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn kan fi ń fi ọgbọ́n bi ìyàwó wa léèrè bóyá gbèsè ni a jẹ.

Ní ti baba ìjòyè náà, ó ti gbà tọkàntọkàn pé kí a ta ọkọ̀ náà, kí a ra kékeré, kí òun lè máa dé ibi ẹjọ́ àti ilé ìwòsàn láìgun ọ̀kadà ní ẹni ọdún 74. A kọ̀wé sí àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n dáhùn pé kí a fún àwọn ní àyè díẹ̀, nítorí ohun tí ayé yóò wí. Bí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, jíìpù náà ṣì wà lábẹ́ tapólì, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi owó ìwé rẹ̀ ti ọdún yìí ránṣẹ́.