Orúkọ Odù Kì í Ṣe Ifá

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí lọ́kàn, n kò sì ní í pa á mọ́ra.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó gbọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá bá mi ní Fìdítì níbí. Ó ní, "Bàbá, mo ti kó Ifá sínú dátábéèsì tán." Ó tẹ bọ́tìnì kan; kí n tó ṣẹ́jú, orúkọ odù 256 ti tò lẹ́sẹẹsẹ. Mo yìn ín, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni mo bá jà, òun náà ni mo sì ń bá gbogbo àwọn tí ń pariwo pé Ifá ni kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ jà lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ó ti ṣe é. Èdè SQL ni a fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀. Láti ọdún 1999 ni ìlànà èdè náà ti fàyè gba ìbéèrè tí ń pe ara rẹ̀: èsì tí ó bá rí ni yóò tún fi bèèrè òmíràn, títí yóò fi kan ibi tí a ní kí ó dúró. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ilà Ifá rí. Ilà kan tàbí ilà méjì ni babaláwo ń tẹ̀ sórí ìyẹ̀rosùn, ọ̀nà méjì nìyẹn. Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó di mẹ́rin, lẹ́ẹ̀kẹta, mẹ́jọ, lẹ́ẹ̀kẹrin, 16, láti orí Ogbè dé Òfún. So 16 ti apá ọ̀tún mọ́ 16 ti apá òsì, 256 pé.

Ó tilẹ̀ kọ́kọ́ ṣì í. Ó ka Ogbèyẹ̀kú àti Ọ̀yẹ̀kúlogbè sí ohun kan náà, kọ̀ǹpútà sì bí 136 péré, 120 sọnù. Lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́sàn etí títì Fìdítì, ọsàn àti ọ̀pẹ òyìnbó kò yàtọ̀ sí ọ̀pẹ òyìnbó àti ọsàn. Lọ́dọ̀ Ifá, apá ọ̀tún ni à ń kọ́kọ́ pè. Ẹni tí ó bá yí i padà ti pe odù mìíràn.

Ó tún un ṣe, 256 pé. Kí ni ọwọ́ wa wá tẹ̀? Àkọlé lásán ni. Ẹsẹ ni Ifá: awo tí ó dífá, ẹni tí a dá a fún, ohun tí ó ń dùn ún, ẹbọ tí a ní kí ó rú, bóyá ó rú u tàbí ó kọtí ikún, àti ohun tí ó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà. Kò sí ìbéèrè tí ó lè bí èyí láti inú ilà kan àti ilà méjì. Ẹnu àgbà ni ó wà.

Ẹnìkan lè sọ pé ìṣirò yìí ni yóò mú kí aráyé bọ̀wọ̀ fún wa. N kò kọ̀. Àjọ UNESCO pàápàá ti kan sáárá sí Ifá ní ọdún 2005. Ṣùgbọ́n ìṣirò kò lè sọnù: bí gbogbo wa tilẹ̀ gbàgbé rẹ̀ lónìí, ọmọ tí ó mọ ìsọdipúpọ̀ yóò tún un ṣe lọ́la. Ẹsẹ tí ó bá bá àgbà wọlẹ̀ kò ní àtúnṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá mọ èyí, ni ó fi tẹ Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá jáde ní 1968, kí kọ̀ǹpútà tó dé ilé ẹnikẹ́ni nínú wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà, ẹ yéé fi 256 yangàn. Ẹ gbé fóònù yín, ẹ lọ bá àwọn bàbá ní Fìdítì, Ìlọrà, Awẹ́ àti Akínmọ̀ọ̀rìn. Ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ tọrọ àyè, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Èyí tí wọ́n bá ní kí ẹ má ṣe gbé síta, ẹ fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ya àyè sínú dátábéèsì yín fún ẹsẹ, fún orúkọ ẹni tí ó sun ún, fún ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó sun ún.

Nígbà náà ni n ó gbà pé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó Ifá sínú ẹ̀rọ. Ire o.