Fíìmù Tàbí Díjítà: Èwo Ló Ń Jẹ Owó Onífótò Jù?

Àwọn ìyàwó ojú ọ̀nà tún ti ń béèrè fún fótò onífíìmù. Wọ́n ní àwọ̀ rẹ̀ rọ ojú lọ́rùn, wọ́n ní ó jọ fótò ìgbéyàwó ìyá àwọn. Ní Jákàńdè Estate wa níbí, ní Ìlasan, ìbéèrè náà ti dé etí ọ̀dọ́bìnrin onífótò kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, ó sì gbé e tọ̀ mí wá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ṣé kí n lọ ra kámẹ́rà onífíìmù ni, àbí kí n dúró ti díjítà mi?" Mo rò pé òun nìkan kọ́ ló ń bi ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ni mo ṣe gbé ìṣirò náà wá síbí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí fíìmù, nítorí pé owó tirẹ̀ kì í fi ara pamọ́. Róòlù 35mm kan ń gba àwòrán 36. Èyí tí wọ́n ń pè ní 120 ń gba 12 péré nínú kámẹ́rà tó ń ya àwòrán tí ìbú àti òró rẹ̀ dọ́gba. Gbogbo ìgbà tí a bá tẹ kámẹ́rà ni owó ti jáde, ìbáà jẹ́ pé oníbàárà di ojú rẹ̀. Seydou Keïta, tó ṣí ilé ìyàwòrán rẹ̀ ní Bamako, ní ilẹ̀ Mali, ní 1948, kì í sábà ya oníbàárà kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí pé fíìmù wọ́n. Ó ní láti to aṣọ, to ọwọ́, to ìjókòó, kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Ní tèmi, ọ̀wọ́n fíìmù wà lára ohun tó bí ẹwà tí gbogbo ayé ń yìn nínú iṣẹ́ rẹ̀ lónìí.

Kí a fi ₦30,000 ṣe àpẹẹrẹ owó róòlù kan, kí a sì fi ₦12,000 lé e fún fífọ̀ àti gbígbé e sórí kọ̀ǹpútà. Ó di ₦42,000 fún àwòrán 36, nǹkan bíi ₦1,170 lórí ẹyọ kan. Onífótò tó bá fẹ́ ya 600 àwòrán níbi ìgbéyàwó yóò lo róòlù 17. ₦714,000 nìyẹn, a kò tíì san owó ọkọ̀, a kò tíì tẹ fótò kankan sórí pépà.

Fíìmù dúdú àti funfun ṣeé fọ̀ nílé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n 20°C ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ kí oògùn rẹ̀ wà, omi inú táǹkì wa kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà owó yìnyín wọ inú ìṣirò. Fíìmù aláwọ̀ ní tirẹ̀ ń fẹ́ nǹkan bíi 38°C, kò sì fẹ́ kí ó yẹ̀. Òkùnkùn nìkan ni kò wọ́n wa: ibi kan ṣoṣo nìyí tí àìsíná ti lè ṣe wá lóore.

Díjítà ńkọ́? Ọmọ inú ilé Kodak fúnra rẹ̀ ni, nítorí Steven Sasson tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló kan kámẹ́rà díjítà àkọ́kọ́ ní 1975. Ní oṣù kìn-ín-ní 2012, ilé iṣẹ́ náà lọ sí kóòtù láti wá ààbò lọ́wọ́ àwọn tó jẹ ní gbèsè. Ohun tó tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ ni pé a lè tẹ díjítà nígbà ẹgbẹ̀rún, kí owó má sì kúrò lápò lójú ẹsẹ̀. Owó náà ti lọ tẹ́lẹ̀ ni. Bí kámẹ́rà àti lẹ́ńsì bá jẹ́ ₦2,400,000, tí a sì fẹ́ lò wọ́n fún ọdún 4, ₦50,000 ló ń kú nínú wọn lóṣooṣù. Bí iṣẹ́ 4 bá wọlé lóṣù, ₦12,500 ti wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí onífótò tó jáde nílé. Kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀, bátìrì wà níbẹ̀, epo jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú òru méjì tàbí mẹ́ta tí yóò fi jókòó ti àwòrán 600 kí ó tó ṣa èyí tó dára. Mo bi aládùúgbò mi pé mélòó ló ń kọ sílẹ̀ fún òru wọ̀nyẹn. Kò kọ nǹkan kan.

Náírà gan-an ló wá ba ìṣirò jẹ́. Kámẹ́rà tó jẹ́ $1,500 kò ju nǹkan bíi ₦700,000 lọ ní iye ìjọba ṣáájú oṣù kẹfà 2023. Nígbà tí dọ́là kan kọjá ₦1,500 ní 2024, kámẹ́rà kan náà ti lé ní ₦2,250,000. Onífótò tó ń fi ₦700,000 pamọ́ díẹ̀díẹ̀ láti fi ra òmíràn kò lè rí ìdá mẹ́ta rẹ̀ rà mọ́. Róòlù fíìmù náà ń ti òkè òkun wá, ṣùgbọ́n a lè sọ iye tí wọ́n tà á lánàá fún oníbàárà, kí ó sì san án. Ta ni yóò sọ fún oníbàárà pé kámẹ́rà ń gbó?

Ìpamọ́ tún ń bẹ. J. D. 'Okhai Ojeikere, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú yàrá òkùnkùn ìjọba ní Ìbàdàn ní 1954, ya irun dídì àwọn obìnrin wa láti 1968. Ó kú ní 2014, àwọn àwòrán náà sì wà. Háàdì dísìkì lè kú láàárín òru kan, nítorí náà méjì ni kí a rà, kí wọ́n má sì gbé inú àpò kan náà.

Ìdáhùn tí mo fún un nìyí. Kí ó má ta díjítà rẹ̀, kí ó má sì ra kámẹ́rà onífíìmù títí iṣẹ́ 3 yóò fi béèrè fún un. Kí ó yá ọ̀kan lò ná. Kí róòlù, fífọ̀ àti owó ọkọ̀ ní ìlà tiwọn lórí ìwé owó, kí oníbàárà san án ṣáájú. Kí ₦50,000 náà máa kúrò lóṣooṣù sínú àpò mìíràn, kí ó sì tún un ṣírò ní gbogbo oṣù mẹ́ta mẹ́ta bí dọ́là bá ṣe rí. Róòlù kan ti tó fún ìgbéyàwó kan: ìyá tó ń wé gèlè fún ọmọ rẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, bàbá tó ń gbàdúrà lé wọn lórí. Ní ti àwọn tó ń náwó fún olórin, díjítà ni kí ó fi yà wọ́n.