Ìránṣẹ́ Tí Ń Kọ Ọ́ Sílẹ̀ Kí Ó Tó Dáhùn

Láìpẹ́ yìí, ìyá oníṣòwò kan ní àdúgbò wa fi fóònù sanwó ọjà. Owó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ta ọjà. Nígbà tí ó bèèrè, wọ́n ní ẹ̀rọ kan kú lójijì, àkọsílẹ̀ wákàtí náà kò sí mọ́. Ọjọ́ 11 ni ó fi pààrà ọ̀dọ̀ wọn kí wọ́n tó gbà á gbọ́.

Gbogbo ètò kọ̀ǹpútà tí ó dára ni ó ń kọ ohun tí ó ṣe sílẹ̀. Bí ó bá ń fi àkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́ tààrà sí ẹ̀rọ tí ń tọ́jú rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ̀rọ yẹn bá kú, àkọsílẹ̀ dànù. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe ń fi ìránṣẹ́ kan sí àárín, tí wọ́n ń pè ní message queue. Yóò to àkọsílẹ̀ sí ìlà, yóò sì dì í mú títí ẹni tí yóò gbà á yóò fi dé.

Ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ ju ìránṣẹ́ lọ. Ọ̀kan ń fi gbogbo rẹ̀ sórí. Bí iná bá lọ, ó gbàgbé. Èkejì ń kọ ọ́ sí dísìkì kí ó tó dáhùn pé, “Mo ti gbà á.” Ẹni tí ó ń lo RabbitMQ gbọ́dọ̀ pàṣẹ kí ìlà má parẹ́, kí ó sì sàmì sí àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan pé kí ó wọ dísìkì. Bí ó bá ṣe èkíní láìṣe èkejì, nígbà tí ẹ̀rọ bá jí, yóò bá ìlà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òfìfo ni. Kafka, tí ilé iṣẹ́ LinkedIn ní Amẹ́ríkà gbé jáde fún gbogbo ayé ní 2011, ń tọ́jú àkọsílẹ̀ fún ọjọ́ 7 bí a kò bá pàṣẹ mìíràn. A sì lè ní kí ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí ẹ̀rọ 3.

Ìfọ̀kànbalẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀fẹ́. Dísìkì ń gbowó, iṣẹ́ a sì máa falẹ̀ díẹ̀. Bí èsì “mo ti gbà á” bá sọnù lọ́nà, a óò tún àkọsílẹ̀ fi ránṣẹ́, yóò sì di méjì. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí a má baà ka owó kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Àkọsílẹ̀ owó, ẹ má fi ṣeré. Èyí tí ó kàn ń sọ pé ẹnì kan wo ojú ewé, bí díẹ̀ bá sọnù, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ilé iṣẹ́ kékeré lè má nílò Kafka rárá. Kí ètò rẹ̀ kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú fáìlì lórí ẹ̀rọ tirẹ̀, kí a tó máa kó o lọ.

Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ètò fún yín, ẹ bi í pé: “Bí iná bá lọ nísinsìnyí, àkọsílẹ̀ mi ńkọ́?” Bí ó bá ń wò yín lójú lásán, ẹ má tíì sanwó.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.