Ẹni Tó Mọ Gígùn, Kó Mọ Sísọ̀: Èrò Mi lórí Ètò Ọdún Kan fún Àgbà Oníkẹ̀kẹ́

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń retí ọ̀rọ̀ lórí àmì ohùn tàbí lórí àkọtọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè lónìí kí n sọ̀rọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ológeere. Èdè kò ní ṣàìyọjú níbẹ̀, nítorí pé inú ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ wà.

Ọ̀rọ̀-ìṣe náà ni gùn. A máa ń gun òkè, a máa ń gun igi, a máa ń gun ẹṣin, a sì máa ń gun kẹ̀kẹ́. Bákan náà ni òrìṣà máa ń gun ẹlẹ́gùn rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Nínú mẹ́rin àkọ́kọ́, ènìyàn ló ń gun nǹkan. Nínú ti ìkẹyìn, ènìyàn ni a ń gùn. Títí di oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún tó kọjá, mo rò pé èmi ni mò ń gun kẹ̀kẹ́. N kò mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ ló ti ń gùn mí.

Ọmọ ọdún 67 ni mí, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo sì ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, mo dara pọ̀ mọ́ àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ lọ́nà jíjìn. Audax ni wọ́n ń pe irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Látinú èdè Látìnì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Onígboyà ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹgbẹ́ Audax UK, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1976, ló ń ṣe àkóso rẹ̀ níhìn-ín. Kì í ṣe eré ìje, kò sì sí ẹni tó ń gba ipò kìíní. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí ènìyàn kọjá ní àwọn ibi tí wọ́n là sílẹ̀, kí ó sì parí ọ̀nà náà láàárín àkókò tí wọ́n dá. Lábẹ́ ìlànà tó wọ́pọ̀, wákàtí 13 àti ààbọ̀ ni ti kìlómítà 200, wákàtí 20 ni ti 300, wákàtí 27 ni ti 400, wákàtí 40 sì ni ti 600. Oúnjẹ jíjẹ, oorun sísùn, àti táyà tó bá jò lójú ọ̀nà, inú àkókò yẹn kan náà ni gbogbo rẹ̀ wà.

Wọ́n ní oyè kan tó wù mí gidigidi, Randonneur Round the Year ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ gun kìlómítà 200 ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣooṣù, fún oṣù 12 tó tẹ̀ léra wọn. Oṣù tó bá wù ú ni ó lè fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá pa oṣù kan jẹ, òǹkà rẹ̀ ti já, àtúnbẹ̀rẹ̀ ló kù.

Oṣù Igbe, ìyẹn oṣù kẹrin, ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí oṣù Ọ̀pẹ fi parí, mo ti ní mẹ́sàn-án lọ́wọ́. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ dé pẹ̀lú òtútù tí kò gba ẹ̀bẹ̀. Mo ń sún ìrìn náà síwájú títí ó fi ku Sátidé kan ṣoṣo kí oṣù pé. Ní ìdájí ọjọ́ náà, ìyàwó mi ṣí aṣọ fèrèsé, ó ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìta. Ọjọ́ kan ṣoṣo kọ́ layé.” Mo dá a lóhùn pé iṣẹ́ oṣù mẹ́sàn-án kò gbọdọ̀ ṣòfò. N kò tíì rin ju kìlómítà 30 lọ tí mo fi dé kọ́nà kan tí omi ti dì lójú títì. Kí n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo ti wà nílẹ̀, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi sì ti ṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni n kò fi lè di kálámù mú. Oṣù mẹ́sàn-án tí mo ń dáàbò bò, ó já síbẹ̀.

Lórí ibùsùn ni mo ti wá bẹ̀rẹ̀ sí ronú. Ohùn méjì ni àgbà oníkẹ̀kẹ́ sábà máa ń gbọ́, n kò sì fara mọ́ èyíkéyìí nínú wọn.

Ohùn kìíní ń wá láti ilé. “Àgbàlagbà wo ló ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere kiri? Ṣé kò rówó ọkọ̀ ni?” Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ti gbàgbé ìtàn. Tíṣà ni bàbá mi ní abúlé kan lẹ́bàá Ìṣẹ́yìn. Raleigh ni kẹ̀kẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe ní Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí kan náà. Kò sí ẹni tó tìtorí rẹ̀ pè é ní tálákà. Tíṣà, akọ̀wé àti oníṣòwò pàtàkì ló ń ní kẹ̀kẹ́ nígbà náà. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ló wá pọ̀ nígboro tí a fi sọ kẹ̀kẹ́ di ohun ẹ̀gàn. Ìlera loògùn ọrọ̀; n kò rí ìdí tí àgbà yóò fi máa tijú ohun tó ń fún un ní ìlera.

Ohùn kejì dùn létí, ìdí nìyí tó fi léwu ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òun ló ń sọ pé ọjọ́ orí kò já mọ́ nǹkan, pé bí ọkàn bá ti fẹ́, ara yóò tẹ̀ lé e. Irọ́ ni. Yorùbá ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọgbọ́n ni a sábà máa ń fi òwe yìí tọ́ka sí, ṣùgbọ́n àkísà wà lára wa pẹ̀lú. Iṣan ara a máa jó rẹ̀yìn bí ọdún bá ti ń gorí ọdún. Òùngbẹ kì í tètè gbẹ àgbà. Omi ti lè dín lára rẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé ó yẹ kí òun mu. Ojú kì í ríran lálẹ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Egungun ńkọ́? Kẹ̀kẹ́ gígùn dára fún ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró, ṣùgbọ́n nítorí pé ìjókòó ni a jókòó, kì í mú egungun le bí ìrìn ẹsẹ̀ tàbí gbígbé ohun wíwúwo ti ń ṣe.

Kí wá ni àgbà yóò ṣe? Ètò ni. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, nítorí náà mo lọ wo ẹni tó dàgbà jù mí lọ. Ní ọdún 1911 ni wọ́n bí Robert Marchand ní ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún 2012, nígbà tó pé ẹni 100 ọdún, ó gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí kan gbáko, ó sì rin kìlómítà 24.250. Ní ọdún 2014 ó padà wá, kìlómítà 26.927 ló sì rìn lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí a rò ó: ọdún méjì gorí ọgọ́rùn-ún, agbára sì pọ̀ sí i! Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Véronique Billat àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àkọsílẹ̀ ìdánrawò rẹ̀ láàárín ìgbà náà. Nǹkan bíi kìlómítà 5,000 ló ń rìn lọ́dún. Ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ jẹ́ ìrìn ìrọ̀rùn. Ìdá kan tó kù nìkan ló ń fi agbára ṣe. Ní ọdún 2021 ni ó papò dà, ní ẹni ọdún 109. Kò bá ọjọ́ orí rẹ̀ jà, kò sì jókòó tì í. Ó mọ ìwọ̀n rẹ̀ ni, ó sì ń fi ẹ̀sọ̀ bù sí i.

Ètò tèmi ti ọdún yìí, láti inú àṣà wa ni mo ti fa gbòǹgbò rẹ̀ yọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ àwọn baba wa, ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n máa ń ka ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ọrún ni wọ́n ń dá ọjà sí. Ẹni tó bá ná ọjà lónìí, ó di ọrún kí ó tó tún ná an. Mo rí i pé ọrún bá ara àgbà mu ju ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje lọ. Ọjọ́ ọjà mi ni ọjọ́ tí mo bá rìn jìnnà. Ọjọ́ kejì, ìsinmi ni. Ọjọ́ kẹta, mò ń gbé irin nílé fún iṣan àti egungun. Ọjọ́ kẹrin, mò ń gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí kan tàbí méjì, n kì í sì í jẹ́ kí òógùn bò mí. Bí ọrún bá pé tí ẹsẹ̀ kò tíì fúyẹ́, n óo sún ọjà náà síwájú.

Ojú ọjọ́ ni mo fi pín oṣù. Ní London, ojúmọ́ kò ju nǹkan bíi wákàtí 8 lọ ní ìparí oṣù Ọ̀pẹ, bẹ́ẹ̀ ó ju 16 lọ ní oṣù Okúdù. Ẹni tó bá fẹ́ lo wákàtí 13 àti ààbọ̀ lórí kìlómítà 200 ní oṣù Ọ̀pẹ yóò wà nínú òkùnkùn fún ohun tó ju wákàtí 5 lọ. Nítorí náà, láti oṣù Bélú títí dé oṣù Èrèlé, kìlómítà 100 ni òpin mi, ní ọ̀sán nìkan. Mo ti gbàgbé oyè olóṣù méjìlá yẹn. Ní oṣù Ẹrẹ́nà, mo lọ rí dókítà fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ọkàn àti ojú. Ní oṣù Igbe, kìlómítà 200. Ní Èbìbí, 300. Ní Okúdù, nígbà tí òru kúrú jù lọ, 400. Ní Agẹmọ, 600, bí ara bá gbà. Oṣù Ògún wà fún ìsinmi àti ẹbí. Ní Owéwè àti Ọ̀wàrà, 200 kọ̀ọ̀kan, fún ìgbádùn lásán.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ètò náà kì í ṣe ibi tí mò ń lọ bí kò ṣe bí n óo ṣe padà. Mo ti kọ òfin mẹ́ta sí ara ògiri. Bí òtútù bá wà nísàlẹ̀ ìwọ̀n 3 ní ìdájí, n kò jáde. Bí mo bá dé ìdajì ọ̀nà tí àkókò sì ti lé mi bá, ibùdókọ̀ ojú irin tó súnmọ́ jù lọ ni n óo kọrí sí. Mo ti kọ orúkọ wọn sínú ìwé kékeré kí n tó kúrò nílé. Òfin kẹta ni pé bí ìyàwó mi bá ní kí n má lọ, n kò ní lọ.

Àwọn kan lè sọ pé ètò tí ilẹ̀kùn ìpadàsẹ́yìn pọ̀ nínú rẹ̀ tó báyìí, ọ̀lẹ ni yóò kọ́ ènìyàn. Èsì mi ni pé inú ilé ni mo ti ṣe òfin náà, nígbà tí ojú mi mọ́lẹ̀ tí inú mi sì tutù. Ẹni tó bá dúró di ojú ọ̀nà kí ó tó pinnu bóyá òun yóò padà, àárẹ̀ tàbí ìgbéraga ni yóò bá a pinnu. Ìgbéraga ló bá èmi pinnu ní ọjọ́ Sátidé yẹn.

Àwọn tó mọṣẹ́ pàápàá mọ ìpadàsẹ́yìn. Láti ọdún 1989 ni wọ́n ti ń ṣe ìrìn London–Edinburgh–London, tó jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 1,500. Ní oṣù Ògún ọdún 2025, lẹ́yìn tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti gbéra, ìjì Floris bẹ̀rẹ̀ sí jà ní Scotland àti àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn olùṣètò dá ìrìn náà dúró. Ó dun ọ̀pọ̀ ènìyàn wọra, ṣùgbọ́n mo rò pé onígboyà tòótọ́ ló ń dá irú ìpinnu bẹ́ẹ̀. Àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá.

Mo wá rántí bàbá mi. Bí ó bá dé ìsàlẹ̀ òkè, ó máa ń sọ̀ kalẹ̀, á di hándù mú, á sì máa taari Raleigh rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Àwa ọmọdé máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní ìkọ̀kọ̀ pé bàbá kò lè gun òkè. Ṣùgbọ́n n kò rántí ọjọ́ kan tó pẹ́ dé ilé-ìwé, aṣọ funfun rẹ̀ kì í sì í ní àbàwọ́n. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹni tó bá lè sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó bá wù ú, òun ló ń gun kẹ̀kẹ́. Ẹni tí kò bá lè sọ̀, ẹlẹ́gùn ni.

Ọwọ́ mi ti san. Kẹ̀kẹ́ mi wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, mo ti fepo sí ṣéènì rẹ̀. Ọ̀la ni ọrún mi pé, bí òtútù bá gbà.