Ta Ni Ó Ní Ẹ̀tọ́ Láti Tún Bi Ará Ìlú Léèrè?

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, a bi àwọn ará Skọ́tílándì léèrè bóyá wọ́n fẹ́ di orílẹ̀-èdè òmìnira. Nínú 100 ènìyàn tí ó dìbò, 55 kọ̀, 45 sì gbà. Ọ̀gbẹ́ni Alex Salmond, aṣíwájú ẹgbẹ́ SNP, ti wí ṣáájú pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ní ìran kan ni irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ ń yọjú. Gbólóhùn yìí ni àwọn alátakò rẹ̀ sọ di òfin.

Ṣùgbọ́n bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Ní ọdún 2016, ilẹ̀ Bìrìtéènì dìbò láti kúrò nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, nígbà tí 62 nínú 100 olùdìbò Skọ́tílándì fẹ́ dúró síbẹ̀. Nítorí èyí ni Ìyáàfin Nicola Sturgeon, tí ó gba ipò Salmond, ṣe béèrè ìbò kejì ní 2017. Ìyáàfin Theresa May fèsì pé àkókò kò tíì tó. Ọ̀gbẹ́ni Boris Johnson kọ̀ jálẹ̀ ní 2020. Ọ̀gbẹ́ni Keir Starmer, tí ẹgbẹ́ Labour rẹ̀ gba ìjọba ní 2024, kò fara mọ́ ọn. Ní 2022, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ dájọ́ pé ilé aṣòfin Skọ́tílándì kò lè ṣe ètò ìbò náà láìgba àṣẹ Lọ́ńdọ̀nù.

Kí Lọ́ńdọ̀nù rántí Àríwá Kamẹrúùnù, tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ nígbà kan rí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1959, àwọn ará ibẹ̀ dìbò pé kí a fi ọ̀rọ̀ dídara pọ̀ mọ́ Nàìjíríà sílẹ̀ di ìgbà mìíràn. Ní oṣù kejì ọdún 1961, a tún bi wọ́n léèrè, wọ́n sì gbà. Oṣù 15 péré ni ó wà láàárín ìbò méjèèjì. Bíbéèrè lẹ́ẹ̀kejì kì í ṣe èèwọ̀ nígbà náà.

Síbẹ̀, a kò gbé SNP gẹ̀gẹ̀. Lẹ́yìn ìdájọ́ náà, Ìyáàfin Sturgeon wí pé ìbò gbogboogbò tí ń bọ̀ ni òun yóò fi rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ìbò náà dé ní 2024, lẹ́yìn tí ó ti fi ipò sílẹ̀, ìjókòó 9 nínú 57 ni ẹgbẹ́ náà rí. Ẹni tí ó dìbò fún ẹgbẹ́ kan nítorí ilé-ìwé àti ilé-ìwòsàn kò tíì dìbò pé kí ilẹ̀ pín.

Ní tiwa, òfin ni ó yẹ kí ó mú kọ́kọ́rọ́ yìí lọ́wọ́, kì í ṣe aṣíwájú ẹgbẹ́ kankan. Òfin ọdún 1998 lórí Àríwá Írẹ́lándì pàṣẹ pé kí mínísítà pe ìbò bí ó bá hàn pé ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò fẹ́ dara pọ̀ mọ́ Írẹ́lándì, àti pé ọdún 7 gbọ́dọ̀ kọjá kí a tó tún pè é. Òfin náà kò pé, nítorí mínísítà Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń wo ìgbà. Ṣùgbọ́n ó sàn ju kí aṣíwájú kan máa bẹ̀bẹ̀, kí èkejì máa mi orí lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pe irú ìbò bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ tiwa, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí a fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú òfin: ta ni yóò pè é, iye wo ni yóò borí, ọdún mélòó ni yóò kọjá kí a tó tún béèrè? Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.