Ilé Tí Ń Mì Lójú Òkun

 

Bí ẹnì kan nínú yín bá ń ráhùn pé ilé ìdáná òun há, kí ó jọ̀wọ́ fara balẹ̀ gbọ́ ti obìnrin kan tí ó fi ọdún 11 dáná nínú ọkọ̀ ojú omi. Lin Pardey ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà ni. Òun àti ọkọ rẹ̀ Larry, tí í ṣe ọmọ Kánádà, fi ọwọ́ ara wọn kan ọkọ̀ onígbòkun kan ní Kalifóníà, wọ́n sì sọ ọ́ sómi ní ọdún 1968. Seraffyn ni wọ́n sọ ọ́. Gígùn rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 24 àti díẹ̀ lọ, ìbú rẹ̀ kò pé 9. Kò ní ẹ́ńjìnì rárá, atẹ́gùn ni ń tì í. Àtùpà elépo ni wọ́n ń tàn. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń sùn, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, òun náà ni wọ́n sì fi yí ayé ká.

Nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń lọ sópin, wọ́n ṣí ní Jàpáànì, wọn kò sì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi dé Kánádà. Ọjọ́ 49 ni. Lin kọ ìwé kan lórí bí ó ti ṣe ètò oúnjẹ àti ilé ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí. Ọdún 1980 ni ìwé náà jáde.

Omi ni ẹ jẹ́ kí a fi ṣáájú. Ẹ ó ní, ṣebí omi ló yí wọn ká? Wàhálà ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Omi òkun kò ṣeé mu. Ẹni tí ó bá ń mu ún, òùngbẹ ni yóò pa á. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí a máa wọn nǹkan bí ààbọ̀ gálọ́ọ̀nù fún ẹnì kan lójúmọ́, fún mímu àti sísè. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ènìyàn 2, ọjọ́ 49, gálọ́ọ̀nù 49 nìyẹn, kí a tó ro ti ọjọ́ tí atẹ́gùn kò fẹ́, tí ọkọ̀ kò lọ. Ìwẹ̀ kò sí nínú rẹ̀ o. Omi òkun ni wọ́n fi ń fọ abọ́, wọn a wá fi omi dídùn díẹ̀ ṣan iyọ̀ kúrò. Bí wọ́n bá ń se ìrẹsì, wọ́n lè bu omi òkun díẹ̀ mọ́ ti inú ìkòkò, a jẹ́ pé wọ́n ti fi iyọ̀ sí i nìyẹn. Àlùwàlá kò ní ìṣòro níbẹ̀, nítorí omi òkun tó ó ṣe. Ṣùgbọ́n aṣọ tí a fi omi òkun fọ̀ kì í gbẹ tán, nítorí iyọ̀ inú rẹ̀ a máa fa ọ̀rinrin, ara a sì máa yún ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Nítorí náà, bí òjò bá ti ṣú, kíá ni wọ́n ó ta aṣọ láti gbe omi.

Lóde òní ẹ̀rọ ti wà tí ó ń sọ omi òkun di omi mímu, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló sì ní in. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ a máa bàjẹ́, ẹni tí ó gbọ́n ṣì ń pọn omi pamọ́ kí ó tó ṣí.

Ní ti oúnjẹ, ẹyin tí a kò tíì fọ̀, tí kò sì tíì wọ inú fíríìjì rí, ni wọ́n ń rà. Wọn a fi faselíìnì pa á lára kí atẹ́gùn má ráàyè wọ̀ ọ́, wọn a sì máa yí i padà ní ọjọ́ mélòó kan síra. Ó ń tó ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ó tó bàjẹ́. Síbẹ̀ inú ife lọ́tọ̀ ni wọ́n ń fọ́ ọ sí lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀. Àlùbọ́sà àti ànàmọ́ òyìnbó kì í gbé inú apẹ̀rẹ̀ kan náà, wọn a ba ara wọn jẹ́. Wọ́n ń ya bébà ara agolo kúrò, wọ́n sì ń fi ọ̀dà kọ orúkọ sí i, nítorí omi ìsàlẹ̀ ọkọ̀ a máa bó bébà náà, a sì dí ẹ̀rọ tí ń fa omi jáde. Ẹni tí ó bá bó bébà tí kò kọ orúkọ, ọjọ́ tí ó ń wá tòmátì ni yóò ṣí ẹja. Páálí kò gbọdọ̀ wọ inú ọkọ̀ láéláé, nítorí aáyán a máa yé ẹyin sínú rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ èyí, páálí kì í sun ilé ìdáná tèmi náà mọ́jú.

Sítóòfù wọn, a gbé e kọ́ ni, tí ó fi jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá dagun, ìkòkò yóò dúró ṣánṣán. Aláṣè a fi bẹ́líìtì so ara rẹ̀ mọ́ ibi ìdáná. Bí ìgbì bá le, ìkòkò kì í kún ju ìdajì lọ, nítorí ẹni tí omi gbígbóná bá dà sí lára ní àárín òkun, dókítà rẹ̀ lè wà ní ìrìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Lóru ni ẹ̀rù máa ń bà mí jù nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ la ojú sílẹ̀ nítorí àwọn ọkọ̀ ńláńlá, nítorí náà tọkọtaya a máa pín òru, wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni tí ń ṣọ́nà bá já sómi nígbà tí èkejì ń sùn, ọkọ̀ kò ní dúró dè é; ìgbà tí èkejì bá jí, ó ti jìnnà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ó gbọ́n fi ń so okùn mọ́ra kí ó tó jáde sí gbangba. Bí wákàtí rẹ̀ bá sì pé, á gbé omi tíì kaná ná kí ó tó lọ rọra jí èkejì.

Mo ka ibi tíì yìí sétí ọkọ mi, mo sì bi í bóyá ó lè ṣe irú rẹ̀ fún mi nígbà sààrì. Ó ní òun ó rò ó.